Gééjì Alàgbà

Oríṣi ọkọ̀ àtijọ́ méjì ló wà. Ọ̀kan ni èyí tí olówó ń fi aṣọ bò sínú gáráàjì, tó ń gbé jáde lọ́jọ́ Àìkú kí àwọn èèyàn lè yà á ní fọ́tò. Èkejì ni èyí tí Alàgbà àdúgbò wa ń wà.

Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má pè é ní jálòpì. Alàgbà ní kílásíìkì ni. Ó dáa, mo gbà. Kílásíìkì náà jẹ́ Volkswagen Ìjàpá aláwọ̀ búlúù, tàbí kí n sọ pé ibi tí ìpẹtà kò tíì jẹ lára rẹ̀ ṣì jẹ́ búlúù. Ilẹ̀kùn ọ̀tún kì í ṣí láti inú, ti òsì kì í pa dé láti ìta. Bí ẹ bá dúró pẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Alàgbà á fọwọ́ gbá a lórí, á ní, "Ọmọ Jámánì nìyí." Ọmọ Jámánì tí wọ́n bí sójú ọ̀nà Badagry ni, torí ilé iṣẹ́ Volkswagen tó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ l'Ékòó ní 1975 ló ti jáde, nígbà tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn wọ Nàìjíríà, tí tíṣà àti akọ̀wé ìjọba náà ń di ọlọ́kọ̀.

N kò bá Ìjàpá jà o. Àwọn tó ṣe é mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, atẹ́gùn ló ń tù ú, kò ní rẹdiétọ̀ tí omi máa hó nínú rẹ̀ láàárín ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó. Wọ́n ṣe ju mílíọ̀nù 21 rẹ̀ lọ kí ilé iṣẹ́ tó wà ní Puebla, ní Mẹ́síkò, tó gbé èyí tó kẹ́yìn jáde ní 2003. Ọkọ̀ tí ayé rà tó bẹ́ẹ̀ kò lè burú. Gééjì epo rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, àti ọ̀gá tó ni gééjì náà, torí n kò mọ èwo nínú àwọn méjèèjì ni kí n gbà gbọ́.

Gééjì yìí ní ìwà. Bí Alàgbà bá rọ epo kún tánkì, ó ní ìdajì ni. Bí epo bá ku ẹ̀kán, ó ní ìdajì ni. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti wọ òpópó tó ti bàjẹ́, tó ń já sí kòtò lemọ́lemọ́, ọwọ́ gééjì á bẹ̀rẹ̀ sí í rọra wálẹ̀ títí á fi sùn sí òdo. Ẹ gbé e padà sórí títì tó dán, á tún dìde, á ní ìdajì. Ìgbà tí mo fara balẹ̀ wò ó ló tó yé mi pé gééjì yìí kò wọn epo rí. Títì ló ń wọn. Bí ìjọba ìbílẹ̀ bá gbọ́n ni, wọn ì bá yá a lọ́wọ́ Alàgbà, kí wọ́n fi mọ òpópó tó yẹ kí wọ́n tún ṣe.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Irọ́ gééjì Alàgbà ti ju ogún ọdún lọ. Ó ní láti jẹ́ pé epo tán nínú ọkọ̀ tí òtítọ́ wọ̀.

Ará ilé rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n lára. Ìyá, ìyàwó rẹ̀, kì í bi í léèrè mọ́ bóyá epo wà. Bí wọ́n bá ń lọ sóde, gèlè Ìyá á ga kan òrùlé ọkọ̀, aṣọ ẹbí á máa dán, ṣùgbọ́n ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀: sálúbàtà onírọ́bà ni. Bàtà gíga wà nínú báàgì, ó di ìgbà tí wọ́n bá dé kó tó wọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ kì í pa ilẹ̀kùn dé tán, torí wọ́n mọ̀ pé kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi sọ̀ kalẹ̀ wá tì í. Tíṣà ní kí èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ya àwòrán ọkọ̀ ilé wọn. Ọmọ ya ọkọ̀ kan, ó ya èèyàn mẹ́rin sẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ kòlòbà. Tíṣà ní ta ni àwọn yẹn? Ọmọ ní, "Ẹ́ńjìnnì ni, mà. Ti Ìjàpá, ẹ̀yìn ló máa ń wà."

Àwa aládùúgbò náà ti kọ́gbọ́n. Bí a bá gbọ́ ikọ́ ọkọ̀ náà láti ìkángun òpópó, oníkálukú á rántí iṣẹ́ tó ní nílé.

Ẹ má rò pé Alàgbà kò sapá láti mọ iye epo tó ní. Ó ní ọ̀pá kan tó gé lára igi gúáfà, tó fi ọ̀bẹ sá lámì. Á tì í bọ inú tánkì, á fà á yọ, á wò ó, á gbóòórùn rẹ̀, á sì kéde pé, "Ó máa gbé wa dé." Kì í gbé wa dé. Bí ọ̀pá bá sọnù, á di iwájú ọkọ̀ mú, á mì í jìgìjìgì, á dẹtí sílẹ̀ kó lè gbọ́ bí epo ṣe ń ró nínú tánkì. Ohun tó sábà máa ń ró ni sípánà tó ti ń wá láti ọdún tó kọjá. Ẹnì kan gbà á nímọ̀ràn pé kó máa kọ kìlómítà sílẹ̀ nígbàkígbà tó bá ra epo, torí Ìjàpá tí ara rẹ̀ dá lè fi lítà kan rin nǹkan bíi kìlómítà 10. Ìmọ̀ràn gidi ni. Ọkọ̀ tí kìlómítà rẹ̀ ń kà ló wà fún. Ti Alàgbà ti dákẹ́ láti ìgbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ lé e, ọkọ̀ náà kò tíì kúrò níbi tó wà.

Lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná ò sí, ó ní kí wọ́n bá òun mú ìṣáná wá, òun fẹ́ wo inú tánkì. Àwa tí a ṣì fẹ́ràn òrùlé wa la sáré gba ìṣáná lọ́wọ́ ọmọ tó ń mú un bọ̀. N kò ṣe àwàdà níbí yìí o: oru epo bẹntiróò wúwo ju atẹ́gùn lọ, ilẹ̀ ló ń fà kiri, iná kékeré sì ti tó o. Tánkì tí epo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú rẹ̀ tún burú ju èyí tó kún lọ, torí oru ló gba gbogbo inú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìṣáná wo epo, kó kọ́kọ́ kí àwọn ẹbí rẹ̀ pé ó dàbọ̀.

Ká sọ òótọ́, ìgbà kan wà tí Ìjàpá kò ní gééjì rárá. Títí di nǹkan bí 1961, ohun tó wà nínú púpọ̀ nínú wọn ni ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n fi ń ṣí epo nísàlẹ̀ níbi ẹsẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, awakọ̀ á fi ẹsẹ̀ yí i, epo ìpamọ́ tó tó nǹkan bíi lítà 5 á ṣí sílẹ̀ fún un, òun náà á sì wá ilé epo lọ ní kíá. Awakọ̀ ìgbà yẹn gbọ́n ju Alàgbà lọ lọ́nà kan: ó mọ̀ pé òun kò mọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n fi gééjì tí okùn irin ń fà láti inú tánkì sí i. Nígbà tó di 1967, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi èyí tó ń lo iná sí i. Ohunkóhun tí iná bá sì ti wọ̀ nílẹ̀ wa, rìwáyà gbọ́dọ̀ jẹ nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kí rìwáyà Alàgbà. Ọmọlúàbí ni. Ó máa ń dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ba nǹkan jẹ́. Ó jókòó sínú ọkọ̀, ó tan kọ́kọ́rọ́, ó fi ìka kan gééjì lórí, ó mi orí.

"Bàbá, gééjì yín ti kú."

"Háà! Látìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́, sà. Ẹ kàn ń gbé òkú rẹ̀ kiri ni."

Kò mú tẹ́sítà dání. Kò ṣí iwájú ọkọ̀. Ìka ló fi ṣe gbogbo àyẹ̀wò. Alàgbà wọ ọjà Àràròmi lọ ní Géètì, n'Íbàdàn, ó ra gééjì tó ṣì ń dán. Wọ́n tú dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n fi sí i, wọ́n tan kọ́kọ́rọ́. Gééjì tuntun wo Alàgbà lójú, ó ní ìdajì.

"Bàbá, wáyà ni."

Wọ́n tú wáyà ọkọ̀ jọ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dì í padà, bí Alàgbà bá tẹ bíréèkì, fèrè á dún. Bó bá fẹ́ yà sósì, wáípà á bẹ̀rẹ̀ sí í nu gíláàsì. Gééjì ní ìdajì.

"Bàbá, bóyá bátìrì ni."

Wọ́n ra bátìrì. Ìdajì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, ìgbìmọ̀ abẹ́ igi máńgòrò wọ̀ ọ́. Ẹ mọ ìgbìmọ̀ yìí; kò sí àdúgbò tí kò ní tiwọn. Baba kan tó ní Peugeot 504, ọmọ Kàdúná, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to irú rẹ̀ pọ̀ níbẹ̀ ní 1975 kan náà, ní ti òun kì í purọ́ bí òun bá ti gbá dáṣíbọ́ọ̀dù ní ẹ̀ṣẹ́ lápá òsì. Ẹlòmíràn ní epo ayédèrú ló ń dà gééjì lórí rú. Ẹnì kan tí kò ní ọkọ̀, tí kò ní alùpùpù, tí kò ní kẹ̀kẹ́, ló pẹ́ jù lórí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní bí a ṣe ń wakọ̀ gan-an ló fà á. Rìwáyà gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ yìí ti ń kọjá ti wáyà o." Bí ẹ bá ti gbọ́ irú gbólóhùn yẹn lẹ́nu oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ mọ̀ pé ilé wòlíì ló kàn.

Wọ́n ní, "Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́." Ó ní òkè lẹ rí, ẹ ò rí ìsàlẹ̀. Látàárọ̀ ni gbogbo wọn ti ń wo òkè. Gééjì kò mọ iye epo tó wà nínú tánkì. Wọ́n ń sọ fún un ni. Ẹni tó ń sọ fún un wà lórí tánkì, níbi tí ẹnikẹ́ni kò yọjú sí, àwọn wá ń lu ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́.

Ohun tó wà lórí tánkì yẹn ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní fúlóòtì. Ó ń léfòó lórí epo. Bí epo bá ṣe ń lọ sókè sódò, apá irin tó gbé e dúró á máa rìn lórí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń dí iná lọ́nà. Bí tánkì bá kún, ìdènà náà kò ju nǹkan bíi ohm 10 lọ, iná á kọjá fàlàlà. Bí tánkì bá gbẹ, ìdènà á lé ní ohm 70, iná á kọjá tín-ín-rín. Iná tó bá kọjá ló ń mú irin pẹlẹbẹ kan gbóná nínú gééjì. Irin náà á tẹ̀, á sì ti ọwọ́ gééjì sókè. Nítorí pé ooru ló ń tì í, kì í kánjú. Alàgbà a máa tan kọ́kọ́rọ́, kó tó mí síta á ti máa bú gééjì pé kò dìde. Bàbá, ẹ fún un láàyè kó gbóná. Ẹ̀yin pàápàá, a mọ bí ẹ ṣe ń pẹ́ tó kí ẹ tó dìde láàárọ̀.

Nǹkan kékeré kan tún wà lẹ́yìn gééjì tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí sitẹbiláísà ń ṣe fún tẹlifíṣàn yín. Ó ń já iná, ó ń so ó, lemọ́lemọ́, kí agbára bátìrì tó ń lọ sókè sódò má baà da gééjì láàmú. Bó bá kú sínú jíjá, gééjì kò ní gbéra. Bó bá lẹ̀ pọ̀ tí kò já iná mọ́, gééjì á máa fò sókè ju bó ṣe yẹ lọ, inú onílé á sì máa dùn lásán. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, gééjì epo àti gééjì ooru omi jọ ń gba iná lọ́wọ́ sitẹbiláísà kan ṣoṣo ni. Bí àwọn méjèèjì bá jọ ya wèrè lọ́jọ́ kan náà, ẹ ti mọ ẹni tí ẹ máa mú.

Ọmọ ọmọ Alàgbà, obìnrin, tó ń kọ́ iṣẹ́ iná ní Pólì, ló wá gbà á sílẹ̀. Ó wálé ìsinmi, ó gbọ́ ìtàn gééjì, bátìrì àti fèrè, kò sọ nǹkan kan.

"Bàbá, ẹ bá mi ṣí iwájú ọkọ̀."

Alàgbà rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà."

"Mo mọ̀, sà. Epo ni mò ń wá."

Rìwáyà wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. N kò fẹ́ purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ jọ ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ pé iwájú ni tánkì wà.

Ó kó kẹ́ẹ̀gì àti ọ̀pá gúáfà kúrò, ó ṣí páálí tí wọ́n tẹ́ síbẹ̀, orí fúlóòtì yọ. Ó yọ wáyà tó ti ibẹ̀ lọ sí gééjì, ó fi wáyà mìíràn so ó mọ́ irin ara ọkọ̀ níbi tó jìnnà sí tánkì. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó ní kí Bàbá tan kọ́kọ́rọ́. Ẹ fojú sí bó ṣe tò ó: ó so ó tán kí iná tó dé, kó má baà sí iná tó máa ta pàrà nítòsí epo. Kò sì jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀, torí gééjì kò nífẹ̀ẹ́ sí kí wọ́n máa rọ iná kún un fún ìgbà pípẹ́.

Ọwọ́ gééjì rọra gbéra. Ó kọjá ìdajì, ohun tí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà kò rí mọ́ láti ìgbà Abacha. Ó gòkè, ó dé ojú àmì tánkì kíkún, ó dúró.

"Ó ti kún!" Alàgbà pariwo. "Ẹ wá wò ó o, ó ti kún!"

"Bàbá, kò sí epo níbẹ̀."

"Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ṣùgbọ́n, Bàbá..."

"Mo ní kó o fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wù mí bẹ́ẹ̀."

Kò fi sílẹ̀. Ó pa kọ́kọ́rọ́, ó já wáyà náà kúrò lára irin, ó ní kí wọ́n tún tàn án. Ọwọ́ gééjì sùn sí òdo. Ẹjọ́ gééjì parí síbẹ̀. Ó mọ kíkún, ó mọ gbígbẹ. Gééjì, wáyà àti sitẹbiláísà, kò sí ẹni tó jẹ̀bi nínú wọn. Gééjì àkọ́kọ́ pàápàá kò jẹ̀bi. Èyí tí rìwáyà gbé lọ sílé pé òkú ni, ó ti tà á fún ẹlòmíràn láàyè.

Bí ọwọ́ gééjì kò bá gbéra ni, ibòmíràn là bá gbà: ká wo fíúsì, ká wo bóyá iná ń dé ẹ̀yìn gééjì, ká wá bọ́ sórí sitẹbiláísà àti wáyà tó lè ti já lójú ọ̀nà. Ẹ̀yin tí ẹ sì ní Chevrolet àtijọ́, ẹ má fi tiwa ṣe àwòkọ́ṣe o. Òdìkejì ni tiyín: bí ẹ bá so wáyà náà mọ́ ara ọkọ̀, gééjì á lọ sí òdo, bí ẹ bá já a sílẹ̀, á kọjá kíkún. Ẹ mọ ọkọ̀ yín kí ẹ tó fẹ̀sùn kàn án.

Ẹ́ẹ̀tì ló kàn. Iná tó bá gba inú fúlóòtì kọjá gbọ́dọ̀ rọ́nà padà sí bátìrì, ara irin ọkọ̀ sì lọ̀nà yẹn. Wáyà búráùn kékeré kan wà fún un. Nínú ọkọ̀ Jámánì, búráùn ni ẹ́ẹ̀tì. Wáyà náà kò kúrò níbi tí wọ́n fi í sí, àfi pé pánẹ́ẹ̀bítà Alàgbà ti kọjá níbẹ̀. Pánẹ́ẹ̀bítà yẹn kì í kun ọkọ̀, ohun gbogbo tó bá ti dúró sójú kan ló ń kùn. Ó ti kun irin, ó kun súkúrù, ó kun orí wáyà, ó kun aláǹgbá kan tó kú síbẹ̀. Búlúù ni gbogbo wọn. Ọ̀dà kì í gbé iná. Ibi tí ọ̀dà kò dé, ìpẹtà ti jẹ ẹ́. Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá ti já sí kòtò, ẹ́ẹ̀tì á já, á so, á tún já, ọwọ́ gééjì á sì máa bọ̀ nílẹ̀. Ọmọbìnrin náà fi pépà ha ojú irin náà títí ó fi ń dán, ó fún súkúrù rẹ̀ le. Bí gééjì ṣe fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ títì wíwọ̀n nìyẹn.

Ó wá ku ìdajì tó lẹ̀ mọ́ ọn lójú. Ó tú orí bátìrì kúrò, ó lé gbogbo ẹni tó ń mu sìgá sọ́ọ̀ọ́kán, ó tú súkúrù fúlóòtì, ó fà á jáde. Apá irin rẹ̀ ti fi ìpẹtà lẹ̀ pa sí àárín. Epo ń lọ, epo ń bọ̀, òun dúró gbagidi bí olóṣèlú tó ń dúró wo ẹgbẹ́ tó máa wọlé. Ó ti pẹ́ tí fúlóòtì yìí ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, kò kàn sí ẹni tó ka lẹ́tà rẹ̀ ni.

Ó nu ún gbẹ, ó gbé e jìnnà sí tánkì, ó tú apá náà sílẹ̀, ó fi mítà sí i, ó ń rọra gbé apá náà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Nọ́ńbà tó yẹ kó máa dínkù díẹ̀díẹ̀ ń sọnù lójijì láàárín, á tún yọ níwájú. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ ti jẹ gan-an níbi tó dúró sí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tó ń léfòó fúnra rẹ̀ ṣì dáa. Ó mì í sétí, kò gbọ́ epo nínú rẹ̀. Bó bá gbọ́ ọ ni, á jẹ́ pé ó ti lu, ó ti mu epo yó, ó ti rì, gééjì á sì máa ké òdo bí tánkì tilẹ̀ kún dé ọrùn.

Fúlóòtì tuntun ni wọ́n rà, wọ́n pààrọ̀ rọ́bà abẹ́ rẹ̀ kí òórùn epo má baà kún inú ọkọ̀. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó gééjì, wáyà àti bátìrì. Mo mọ iye tí Alàgbà ti ná lórí àwọn yẹn, ṣùgbọ́n n kò ní sọ ọ́, torí Ìyá máa ń ka ìwé yìí.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ epo sí i, ọwọ́ gééjì ń gòkè tẹ̀ lé e. Ọmọbìnrin náà kìlọ̀ fún Bàbá pé tánkì kì í ṣe kóńgò, kò ṣe dọ́gba lókè àti nísàlẹ̀, nítorí náà ìdajì ojú gééjì lè má jẹ́ ìdajì epo gẹ́lẹ́. Bàbá ní òun gbọ́. Rìwáyà náà sọ̀rọ̀: ó ní láti ìbẹ̀rẹ̀ lòun ti fura sí fúlóòtì, òun kàn fẹ́ fi gééjì, wáyà àti bátìrì dá ara òun lójú ni. Ojú kò tì í. Ó tún dọ̀bálẹ̀ gba owó mọ́tò.

Ẹ ó rò pé inú Alàgbà dùn. Ẹ gbàgbé pé Nàìjíríà là ń gbé. Láti ìparí oṣù karùn-ún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà tí a ń rà ní owó tí kò tó ₦200 fò kọjá ₦480. Kí 2024 tó parí, ó ti lé ní ₦1,000 ní ibi púpọ̀. Tánkì Ìjàpá ń gba nǹkan bíi lítà 40. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ fúnra yín. Alàgbà ti ṣe tirẹ̀, ó sì wá ibi jókòó. Nígbà tí gééjì ń purọ́ ìdajì, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Bí epo bá tán lójú ọ̀nà, gééjì ló jẹ̀bi, àwa la ń tì í, ẹlòmíràn ló sì ń fún un ní epo kẹ́ẹ̀gì kan nítorí Ọlọ́run. Ní báyìí tí gééjì ń sọ òótọ́, ó ti di ọ̀tá. "Láti ìgbà tí wọ́n ti tún un ṣe ni epo ti ń yára tán," ohun tó sọ fún mi nìyẹn, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó ní gééjì náà ló ń jẹ epo. Ó ti ránṣẹ́ sí rìwáyà pé kó wá wò ó.

Ìyá kò tíì bọ́ sálúbàtà. Ó mọ ẹni tó fẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará Ìbàdàn, bí ẹ bá rí Ìjàpá búlúù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí bàbá kan tó wọ agbádá ń juwọ́ sí yín pé kí ẹ wá bá òun tì í, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sì máa bá tiyín lọ. Gééjì rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Alàgbà ni kò ra epo.